Ọ̀gá ní orin kì í ṣe ara iṣẹ́ wa

Ọmọ Ìsọ̀kún: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àgbà. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa, ẹni ọdún 82, wọ́n ti ń ṣarán. Aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ́sà nígbà tára ṣì le. Bí mo bá ti gbé korobá omi dé láàárọ̀, wọ́n á di bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí: "Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi!" Wọ́n rò pé mo jẹ gbèsè aṣọ. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ta ló ń bá òṣómàáló tó ta aṣọ láwìn jiyàn?

Lọ́jọ́ kan mo ń kọ orin jùjú I.K. Dairo lábẹ́nu, màmá gbà á lẹ́nu mi. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n délẹ̀, àwọn ni wọ́n parí ẹ̀. A ti wẹ̀ tán kí wọ́n tó rántí owó. Àtìgbà náà ni mo ti ń kọrin wẹ̀ fún wọn. Lánàá, ọ̀gá wa ní ariwo ni, pé àwọn mẹ́sàn-án ṣì wà nílẹ̀ tá a máa wẹ̀ fún, pé bí orin bá ń gbẹ̀mí mi, kí n lọ wọ kúáyà. Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé mo ṣì í ṣe ni?

Nọ́ọ̀sì Ifẹ̀: Àbúrò mi, o ò ṣì í ṣe. Orin tá a gbọ́ nígbà ọ̀dọ́ ló máa ń pẹ́ lọ́pọlọ jù. Ọmọ nǹkan bí 20 ọdún ni màmá yẹn nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún I.K. Dairo ní oyè MBE ní 1963. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ ní Sweden: bí olùtọ́jú bá ń kọrin bó ṣe ń wọṣọ fún àwọn tó ń ṣarán, kì í fi bẹ́ẹ̀ pàṣẹ mọ́, wọ́n á sì tètè mọ ohun tó kàn. Wo aago bó o bá ń kọrin wẹ̀ fún màmá, kó o fi han ọ̀gá ẹ.

Bàbá Alẹ́: Ẹ rọra o. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, rédíò ń ké, tẹlifíṣọ̀n ń ké, àwa òṣìṣẹ́ la ń gbádùn ẹ̀. Bàbá kan wà tí wọ́n ń fi orin ṣọ́ọ̀ṣì dí létí lójoojúmọ́. Mùsùlùmí ni bàbá! Oṣù mẹ́ta kọjá kí ọmọ wọn tó wá sọ pé àpàlà Haruna Ishola ni wọ́n fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹbí. Bí orin bá sì ń pa wọ́n lẹ́kún, ẹ dákẹ́.

Ọmọ Ìsọ̀kún: Ẹ ṣé gan-an, mo ti pe ọmọ wọn. Mo wo aago láàárọ̀ yìí: ìṣẹ́jú 18. Lọ́jọ́ Ajé tí mo pa ẹnu mọ́, 40 ni, omi ti tutù. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fọhùn. Màmá ló pè é wọlé, pé kó wá san tiẹ̀ náà.