Ta ló lè bá wa dárúkọ igi oko ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àtọmọ mi, ọmọ ọdún 9, la jọ lọ sóko bàbá mi. Ọmọ náà nawọ́ sí igi kan, ó ní kí lorúkọ ẹ̀. Igi emi ni, tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Mo mọ ìyẹn. Mo mọ igi igbá tí irú ti ń wá, mo mọ àparò àti lékeléke. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí. "Igi" àti "ẹyẹ" lásán ni mò ń pe ìyókù. Ojú tì mí, torí bàbá mi kì í ṣi ewé kan pè.

Mo fẹ́ máa kó àwọn ọmọ àdúgbò jáde ní Sátidé, ká máa wò, ká máa dárúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ẹlẹ́wé ọmọ tó ń tajà lọ́jà máa ń gbà láti bá èèyàn rìn? Kí ló yẹ kí n mú lọ bẹ̀ wọ́n?

Àdúgbò Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n ńkọ́, ṣé igi àfọ̀n ló fún un lórúkọ? Àní igi Àjàgbọn tó wà ní ààfin Ṣọ̀ún, ọba wa, pàápàá, ọmọ mi rò pé orúkọ èèyàn ni.