Ṣé ọgbà ẹranko náà ni Old Oyo National Park?

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iléèwé àwọn ọmọ mi fẹ́ kó wọn lọ sí Old Oyo National Park. Táíwò wá ń bi mí bóyá ọgbà ẹranko bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn ni. Kí ni wọ́n ń pè ní national park gan-an, ta ló sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀?

ỌmọṢẹpẹtẹrí
Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ó yàtọ̀. Nínú ọgbà ẹranko, ẹranko ló wà ní àhámọ́, ènìyàn ló ń rìn kiri. Níbi tí wọ́n ń lọ yìí, ẹranko ló ni ilẹ̀. Inú ọkọ̀ ni àlejò ń jókòó sí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣọ́ igbó náà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáko, ṣọdẹ, gé igi tàbí da màlúù wọ ibẹ̀.

Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ national park ní 1872, ní Yellowstone, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí òfin pé a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, kó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú.

Tiwa pẹ́ kó tó dé ibi tó dé. Igbó méjì ni: Upper Ogun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936, àti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ wọ́n di igbó ààbò fún ẹranko. 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di national park, kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512.

Ọdẹ ni bàbá mi. Igbó tí bàbá wọn ti kọ́ wọn níṣẹ́ ni òfin ní kí wọ́n má gbé ìbọn wọ̀ mọ́. Ó dùn wọ́n wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n darúgbó, àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé ká ní kò sí òfin yẹn ni, ẹfọ̀n ì bá ti di ohun tí à ń gbọ́ nínú ìjálá nìkan.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn
Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé àwọn ọmọ á rí ẹfọ̀n náà?

ỌmọṢẹpẹtẹrí
Àmín o, mà. Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ó ṣeé ṣe, torí koríko á ti gbẹ, ẹranko á sì máa wá omi lọ sódò Ògùn.

Ẹ sọ fún wọn pé inú igbó yìí kan náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní nǹkan bíi 1836. Àpáàdì ìkòkò wọn ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n má mú ẹyọ kan wálé.