Ìjọba ìbílẹ̀ wa fẹ́ ti pápá ìyìnbọn gbogbogbò pa: báwo la ṣe lè kó ará àdúgbò jọ láti dá a dúró?

Olùbéèrè

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà. Pápá ìyìnbọn tí ìjọba ìbílẹ̀ wa dá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni ìgbìmọ̀ fẹ́ tì pa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló sì kù sí ìpàdé tí wọn yóò ti dìbò lé e lórí. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tó ń gbé nítòsí ń ráhùn nípa ìró ìbọn, òjé inú ọta ń ba ilẹ̀ jẹ́, owó ìtọ́jú àti owó adójútòfò sì ti ju owó tó ń wọlé lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń di ìbọn mú láìléwu kí n tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ, ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin mi ti ń kọ́ ìbọn afẹ́fẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ 4-H, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní onírúurú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ aládàáni kan ṣoṣo ló wà nítòsí, kò sì sí ẹni tó lè wọ̀ ọ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì kò bá dúró fún un. A ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti buwọ́ lù ú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a gbé gbogbo ọ̀rọ̀ wa ka Àtúnṣe Kejì inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, èyí tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn. Ṣé ibẹ̀ ni kí a gbà? Ta ni ó yẹ kí ó bá wa sọ̀rọ̀?

Èsì kìíní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ẹ̀bẹ̀. Pápá tiwa ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí, mo sì mọ bí ó ṣe bọ́. Orúkọ tí a kó jọ pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ béèrè iye àwọn tó ń gbé lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà nínú wọn, a kò rí èsì fún un. Ní alẹ́ ìpàdé, ènìyàn mọ́kànlá ló wá láti ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wa jẹ́ ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ohun kan náà ni a sì sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹ̀tọ́ wa ni. Àwọn aládùúgbò kó ọmọ wọn wá. Kò sí ẹni tó jiyàn ẹ̀tọ́ wa rárá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó ni wọ́n gbé síwájú, a kò sì fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí mo bá tún ní àǹfààní rẹ̀, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ ni mo máa kọ́kọ́ wá kàn, kí ó lè sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í fún ọ̀dọ́ ní ìwé àṣẹ ọdẹ bí kò bá tíì gba ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò níbẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, àti àwọn ọmọ bíi tiyín. Ìbọn yínyìn wọ inú eré Òlíḿpíìkì ní ọdún 1896, àwọn yunifásítì sì ti ń du ife-ẹ̀yẹ ìbọn NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá wọn, láti ọdún 1980, tọkùnrin tobìnrin ní orí ìlà kan náà. Ọmọ tó ń fojú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ fi ojú ara wọn rí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ pín ọ̀rọ̀ náà láàárín ara yín kí ẹnì kan má bàa tún ti ẹlòmíràn sọ. Ẹ sì lọ bá àwọn kánsẹ́lọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ ibi tí wọn yóò dìbò sí kí wọ́n tó jókòó.

Èsì kejì

Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń tún ilẹ̀ irú pápá bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ òjé ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má ṣe pe ẹ̀sùn náà ní irọ́, nítorí kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dá ẹjọ́ pápá kan ní Connecticut, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí orí omi Long Island Sound fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì pinnu pé ọta òjé, àti àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè láti yìnbọn sí, tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ ti di pàǹtírí lójú òfin. Ẹ̀rù kóòtù wà lára ohun tó ń ba ìgbìmọ̀ yín, ẹ kò sì lè fi ohùn òkè lé ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó di ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ ni pé wọ́n fi òjé sílẹ̀ láìkó o. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, tẹ ìwé ìlànà kan jáde fún pápá ìyìnbọn ìta gbangba ní ọdún 2001, wọ́n sì tún un ṣe ní 2005. Ohun tí ìwé náà ní kí a ṣe kò ju mẹ́rin lọ: kí ọta máa já sí ojú kan, kí a má jẹ́ kí òjé ṣàn kúrò níbẹ̀, kí a máa kó o jáde fún àwọn tó ń yọ́ ọ lò, kí a sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Inú ilẹ̀ tó ní ásíìdì púpọ̀ ni òjé ti ń tètè yọ́ mọ́ omi òjò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́n ìyẹ̀fun òkúta ẹfun sí i kí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì inú ilẹ̀, lè wà láàárín 6.5 sí 8.5, tí wọ́n sì ń gbin koríko sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí ọta ń wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbọn gígùn àti ìbọn ìléwọ́ nìkan ni ẹ ń yìn síbẹ̀, inú òkìtì kan ni òjé yín wà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì nira púpọ̀. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí a fi ń fọ́ àwo amọ̀ ni ìṣòro, nítorí òjé rẹ̀ máa ń tú ká orí ilẹ̀ tó gbòòrò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà, owó òjé tí wọ́n bá rí a sì máa dí lára owó iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ilẹ̀ náà wò kí ìpàdé tó dé. Bí èsì rẹ̀ kò bá dára, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹ sì mú ètò àtúnṣe dání.

Èsì kẹta

Èmi ń gbé nítòsí irú pápá bẹ́ẹ̀, n kò sì kórìíra ìbọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní ọjọ́ Sunday, bí mo bá sì pe nọ́ńbà tó wà lára ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń gbé e. Ìró ìbọn kan máa ń ju désíbẹ̀lì 140 lọ létí ẹni tó yìn ín, ẹ̀yin sì ní ohun tí ẹ fi ń bo etí. Àwa kò ní. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti kan ilẹ̀kùn mi rí láti béèrè wákàtí tó lè rọ̀ mí lọ́rùn, n kò ní buwọ́ lu ìwé tí wọ́n gbé wá pé kí a ti ibẹ̀ pa.

Èsì kẹrin

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ọ̀nà tó wà níbẹ̀ sì gbòòrò ju bí ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ ti mọ̀ lọ. Lábẹ́ òfin Pittman-Robertson, tí Ààrẹ Roosevelt buwọ́ lù ní ọdún 1937, àwọn tó ń ra ìbọn ń san owó fún irú pápá yìí láìmọ̀: ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn gígùn àti ọta, ìdá 10 lórí ìbọn ìléwọ́, tí àwọn tó ń ṣe wọ́n ń san fún ìjọba àpapọ̀, tí a sì ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́, ẹ̀kọ́ ọdẹ àti pápá ìyìnbọn. Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ ní láti wá ìdá 25 kí ó tó rí ìdá 75 gbà. Òfin 2019 sọ ọ́ di 10 àti 90 fún kíkọ́ pápá gbogbogbò tàbí fífẹ̀ ẹ́, ó sì yọ̀ǹda kí owó náà wà nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọwọ́ àjọ ẹranko ìgbẹ́ ìpínlẹ̀ ni owó náà ń gbà, nítorí náà ẹ bẹ àjọ náà kí wọ́n rán aṣojú kan wá sí ìpàdé yín. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kan níbẹ̀ yóò wúwo ju ti ogún ọdẹ lọ.

Ẹ tún béèrè ìwé ilẹ̀ náà, àti ìwé ìnáwó rẹ̀, lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ yín tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba. Bí ó bá jẹ́ pé owó Pittman-Robertson ni wọ́n fi ra ilẹ̀ náà, ìgbìmọ̀ kò kàn lè yí i sí ohun mìíràn bí ó bá ti wù wọ́n. Mo ti rí ibi tí ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ti yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé òfin ìpínlẹ̀ ń dáàbò bo pápá ìyìnbọn lọ́wọ́ ẹjọ́ ariwo. Òótọ́ ni ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ aládùúgbò tó fẹ́ pè yín lẹ́jọ́ ni òfin yẹn ti ń gbà yín. Kò dí ẹni tó ni pápá lọ́wọ́ láti ti ohun ìní ara rẹ̀ pa. Kí ẹ sì rán ìgbìmọ̀ létí pé àwọn tó ń yìnbọn kò ní jáwọ́ nítorí pé a ti ẹnu ọ̀nà kan. Inú igbó ìjọba ni wọn yóò lọ, níbi tí kò ti sí òkìtì tí ọta ń wọ̀ tàbí alábòójútó kankan. Nínú igbó ìjọba àpapọ̀, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti yìnbọn ní ibi tí kò tó yáàdì 150 sí ilé tàbí ibùdó àwọn tó ń pàgọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò wà níbẹ̀ láti wọ̀n ọ́n?

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kọ èsì kẹta, nítorí ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ ní àárọ̀ yìí láti béèrè ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìnáwó. Olùkọ́ ọdẹ wa ti gbà láti wá, ó sì ń wá àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ wà ní apá kan pápá wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan, n kò sì ní fi pamọ́: ohun tí a fẹ́ gbé síwájú ìgbìmọ̀ ni pé kí a dá apá yẹn dúró títí a ó fi kó òjé rẹ̀. Inú àwọn kan nínú wa kò dùn sí èyí, a ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Saturday, èmi àti ìyàwó mi yóò kan ilẹ̀kùn àwọn ilé mẹ́rìnlá tó sún mọ́ pápá jù lọ. A kò ní gbé ìwé kankan dání fún ẹnikẹ́ni láti buwọ́ lù. Wákàtí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni a fẹ́ béèrè, a ó sì fi nọ́ńbà fóònù èmi fúnra mi sílẹ̀ fún wọn.