Àbọ̀ lórí erùpẹ̀ tòmátò inú àpò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn nígbà tí mo béèrè irú erùpẹ̀ tí ó yẹ kí n pò fún tòmátò inú àpò ní ẹ̀yìnkùlé mi n'Íbàdàn. Àbọ̀ rẹ̀ nìyí, kí a lè pa ọ̀rọ̀ náà dé. Garawa méjì ilẹ̀ dúdú, garawa kan yanrìn odò àti ààbọ̀ garawa ìgbẹ́ adìẹ ni mo pò pọ̀. Ìgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti jẹrà títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí pé èyí tí ó ṣì tutù máa ń jó gbòǹgbò. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ẹnìkan dábàá ni n kò fi sí i, nítorí pé bí kò bá tíì jẹrà, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń jẹ ẹ́ máa ń gba náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ inú ilẹ̀ tí ń mú ewé dàgbà, mọ́ ọ̀gbìn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ata tàbí ìgbá ti rọ kú sí rí, ẹ má ṣe bù ú rárá, ó ṣeé ṣe kí àrùn tí ó pa wọ́n ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ lu ìdí àpò náà dáadáa kí omi lè máa jáde.