Wọ́n ní mi ò lè dìbò torí pé mi ò sí nínú ẹgbẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Dámọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi ni mo ṣe ń kọ èyí, tí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ má wò ó.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti bọ̀ láàárọ̀ yìí. Mi ò sùn. Mo wẹ̀, mo wọ àńkárá tí ìyàwó mi rán fún ọjọ́ tí mo búra di ọmọ Amẹ́ríkà, mo ní kí n lọ ṣe ìdìbò abẹ́lé (primary), èyí tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje wọn, kí èrò tó pọ̀. Mo tò fún bí ogójì ìṣẹ́jú, orúnkún sì ń dùn mí. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju Dámọ́lá lọ tẹ orúkọ mi sínú ẹ̀rọ, ó ní, "Unaffiliated ni yín, sà, ẹ ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi kì í ṣe òṣèlú. Ó ní ìwé ìdìbò àwọn Democrat kò tọ́ sí mi, ti Republican náà kò tọ́ sí mi. Ó wá fa ìwé pélébé kan yọ, ó ní kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n lè fún mi ní kinní kékeré kan báyìí, tí kò sí ààrẹ, tí kò sí sẹ́nétọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé ọmọdé! Mo tì í padà sí i, mo jáde.

Láti 2009 ni mo ti ń san owó-orí. Àna mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp ẹbí. Ta ni mo lè fẹjọ́ wọn sùn? Ṣé ẹni tí kò ṣẹgbẹ́ kò lè kópa nínú ìdìbò abẹ́lé ni?

Ìyá Ìbejì Houston:
Wọ́n rẹ́ yín jẹ ni, bàbá! Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ nínú fọ́ọ̀mù tí a fi ń forúkọ sílẹ̀ níbí. Ní March 5, 2024 yìí, mo débẹ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ wo, mo mú èyí tó wù mí, ó tán. Ẹ padà lọ, ẹ pariwo.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà NJ:
Ìyá Ìbejì, Texas lẹ ń sọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ìpínlẹ̀ wo lẹ wà? Ẹ ò sọ. Lọ́dọ̀ tiwa ní New Jersey, ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ lè dárúkọ ẹgbẹ́ kan lójú ẹsẹ̀ níbi ìdìbò, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ ẹgbẹ́ yẹn nìyẹn, àfi tó bá lọ yọ ara rẹ̀.

Alhaji Bronx:
Ti New York ló burú jù. February 14 ni òpin ọjọ́ tí ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ lè yí ẹgbẹ́ padà, ìdìbò abẹ́lé sì di June. Ní 2021, èmi rántí ní March. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ń ra òdòdó fún ìyàwó wọn ni kí n máa wá fọ́ọ̀mù!

Sisí Atlanta:
Georgia náà kò ní ká kọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. May 21 ni tiwa ní 2024 yìí. Ní ọdún 2022, ọkọ mi gba ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ kan, èmi gba ti èkejì. Láti ibẹ̀ dé ilé, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó yí rédíò sókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn gùn.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ó dáa, Texas ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́. Owó-orí gbogbo wa ni wọ́n fi ń ṣe ìdìbò yẹn, wọ́n wá ní ká jókòó síta.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà NJ:
Wọ́n ń yan ẹni tí yóò gbé àsíá ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí, ṣé ó lè bá wọn yan ọkọ fún ọmọ wọn?

Ìyá Ìbejì Houston:
Ìgbéyàwó wo ni ìjọba ti ń bá ẹbí ra aṣọ, tó ń bá wọn san owó gbọ̀ngàn?

Alhaji Bronx:
Ìyá Ìbejì gbá góòlù wọlé.

Bàbá Dámọ́lá:
Maryland ni mo ń gbé. Ṣé kì í ṣe Amẹ́ríkà kan náà ni?

Ẹ̀yin tó ń fẹ́ bá mi wí, ẹ gbọ́. Orí itan ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù yẹn lọ́jọ́ tí mo búra. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ẹgbẹ́, ọwọ́ mi kò lọ. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi. Ní 1983, nígbà tí wọ́n kéde Ọmọ́boríowó pé ó wọlé sípò gómìnà Ondo lórí Ajáṣin, mo rí ilé tó ń jó. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí onílé ń ṣe ló fà á. Bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má gba káàdì ẹgbẹ́ láéláé. Mi ò sì gbà á.

Àǹtí Adìbò:
Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Maryland ni èmi náà wà, mo sì ti ṣiṣẹ́ níbi ìdìbò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ yín. Ẹgbẹ́ níbí kì í ṣe bíi tilé: kò sí káàdì, kò sí owó oṣù, kò sí ìpàdé wọ́ọ̀dù. Àpótí kan lórí fọ́ọ̀mù ni. Ẹni tó bá ti mú Democrat lè dìbò fún Republican ní November, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mú ọ̀kankan kò lè bá wọn yan olùdíje wọn. Àtúnṣe ẹgbẹ́ ti parí ní April 23, 2024, ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú May 14 tó jẹ́ ọjọ́ ìdìbò gan-an. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ kò lè pààrọ̀ ẹgbẹ́ níbi ìdìbò mọ́.

Ìbéèrè méjì. Ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé pélébé yẹn? Ta sì lẹ fẹ́ dìbò fún?

Sisí Atlanta:
Ẹ kò gba lẹ́tà tó ní Unaffiliated lára ni? Wọ́n máa ń fi ránṣẹ́.

Bàbá Dámọ́lá:
Mo ní mi ò sùn, mo sì ní mo tì í padà. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹni tí mo torí rẹ̀ jáde ni ọmọ alàgbà ìjọ wa. Òun ló kọ́ Dámọ́lá ní ìṣirò. Ó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé káúńtì wa.

Àǹtí Adìbò:
Yéè, bàbá!

Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Òun gan-an ló wà lórí "ìwé ọmọdé" tí ẹ tì padà! Ìwé yẹn nìkan ni wọ́n ń fún ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ níbí.

Alhaji Bronx:
😂😂😂 Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ẹ̀yin ẹ rọra. Àgbàlagbà ni wọ́n.

Bàbá Dámọ́lá:
Ọmọbìnrin yẹn dárúkọ ilé-ìwé lóòótọ́. Mo rò pé ó ń bi mí bóyá mo lọ sílé-ìwé ni.

Àǹtí Adìbò:
Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, tí ẹ ò sì gba ìwé ìdìbò, ẹ ò tíì dìbò. Ẹ padà lọ, ẹ ṣàlàyé fún ọ̀gá wọn. Ìdìbò tó ṣáájú ọjọ́ gan-an ṣì ń lọ: wọ́n ń ṣí di aago mẹ́jọ alẹ́, títí di Thursday, May 9.

Bàbá Dámọ́lá:
Mo gbọ́. Ìyá Dámọ́lá ńkọ́? Oṣù tó kọjá lòun búra. Mo ní kó má tíì forúkọ sílẹ̀, kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí ayé dorí kọ.

Àǹtí Adìbò:
Kò tíì forúkọ sílẹ̀ rárá? Ó lè ṣe é níbẹ̀ lónìí, nínú káúńtì yín, kó mú ẹgbẹ́ tó bá wù ú, kó sì dìbò sí gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó mú láísẹ́ǹsì tàbí bíìlì iná tó ní àdírẹ́sì yín dání.

Alhaji Bronx:
Ẹni tó dé lónìí wá ń jẹ ju ẹni tó dé lánàá!

Bàbá Dámọ́lá:
Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ó ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ẹ̀yìn mi. Ó ti wọ bàtà, ó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní kí n dúró sílé kí n sùn, tí òun bá dìbò tòun tán, òun á wá gbé mi.