Èsì lórí “pápá yìnyín”: ẹ jẹ́ ká fi Chacaltaya dán ọ̀rọ̀ náà wò

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti béèrè orúkọ tí a lè fún ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi síkì, pákó pẹlẹbẹ gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tútù. Àwọn fúnra wọn dábàá “pápá yìnyín”. Ẹnìkan mú “ibùdó ìyọ̀” wá. Ẹlòmíràn ní ká kúkú máa pè é ní “ibi síkì”, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí “pápá yìnyín”. Ibì kan wà láyé tí kò ní jẹ́ kí orúkọ yẹn dúró, òun ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Òkè Chacaltaya wà ní Bòlífíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó jìnnà sí ìlú La Paz tó nǹkan bí kìlómítà 30. Ó ga ju mítà 5,300 lọ. Ní 1939, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè, Club Andino Boliviano, gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n fi ń yí okùn gígùn kan tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè á fi ìkọ́ kọ́ ara rẹ̀ mọ́ okùn, okùn á sì fà á lọ. Bó bá dé òkè, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ àti síkì ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ibòmíràn láyé tí ẹ̀rọ ti ń fa èèyàn lọ ṣeré síkì ní ibi tó ga tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ìsinmi sí etí òkè náà, oúnjẹ àti ohun mímu gbígbóná sì wà níbẹ̀ fún àlejò.

Kí ni wọ́n máa ń gun síkì lórí rẹ̀ nígbà náà? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi. Àkókò òjò wọn, láti nǹkan bí Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta, ni ohun funfun tó ń bo òkè náà máa ń bọ́ jù. Kì í ṣe ẹ̀kán òjò ló dì; ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni òtútù ń mú dì tààrà nínú ìkùukùu, kó tó bọ́ sílẹ̀. “Òjò dídì” nìyẹn, bí Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ti pè é. Ìwé Jóòbù orí 38 ẹsẹ 22 sì dárúkọ òjò dídì àti yìnyín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yìnyín ni èyí tó ń lu páànù wa gbàgàgbàgà tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì yẹ ká tún pò wọ́n pọ̀.

Yìnyín ti wà ní Chacaltaya rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ló wà. Òjò dídì ọdún yìí á bo ti èṣí, ìwúwo rẹ̀ á tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ títí yóò fi le gbandi, gbogbo rẹ̀ á sì máa wọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ojú kò fi ní rí i. Nítorí pé ó ń wọ́ ni mo ṣe fara mọ́ ẹni tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé “odò yìnyín” ni ká máa pe irú rẹ̀, èyí tí Òyìnbó ń pè ní glacier. Ẹni tó ta kò ó ní odò kò lè le bí òkúta. Ìrìn rẹ̀ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí.

Odò yìnyín Chacaltaya ti wà fún nǹkan bí ọdún 18,000, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onímọ̀. Edson Ramírez, onímọ̀ nípa yìnyín ní yunifásítì Universidad Mayor de San Andrés ní La Paz, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn bó ṣe ń kéré sí i. Wọ́n fojú bù ú pé yóò tán ní 2015. Ní 2009, ó ti tán pátá. Ayé ń gbóná sí i. Bí àpáta dúdú bá sì ti yọjú láàrin funfun, oòrùn á mú àpáta náà, ooru rẹ̀ á máa jẹ èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Síbẹ̀ àwọn àlejò kò dẹ́kun lílọ. Ọkọ̀ ń gbé wọn gba ìlú El Alto kọjá dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìsinmi àtijọ́ náà, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rin ìyókù dé téńté. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo àwọn òkè Huayna Potosí àti Illimani tí òjò dídì ṣì bò, àti adágún Titicaca lọ́ọ̀ọ́kán bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ilé ìwádìí yunifásítì náà wà nítòsí. Chacaltaya ni César Lattes, ọmọ Brazil, gbé àwo fọ́tò lọ ní 1947, tí wọ́n sì rí ipa ohun bíńtín tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní pion lára wọn.

Ẹ̀yin ará, kí ni “pápá yìnyín” yóò máa jẹ́ níbẹ̀ lónìí? Àwọn tó ń sọ èdè Aymara ní àgbègbè náà kò fi yìnyín sọ òkè wọn lórúkọ. “Ọ̀nà tútù” ni wọ́n sábà ń túmọ̀ Chacaltaya sí, òtútù náà kò sì tíì kúrò.

“Ibùdó ìyọ̀” ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, èèyàn ṣubú ni. Ẹni tó ń ṣeré yìí mọ ohun tó ń ṣe. À ń gun ẹṣin, à ń gun kẹ̀kẹ́, à ń gun ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ ká máa gun síkì, kí ẹni tó ń gùn ún máa jẹ́ agunsíkì. Ẹ má bẹ̀rù àyálò. A yá bọ́ọ̀lù, a sì fún un ní “àfẹsẹ̀gbá”, kò sẹ́ni tó ń bínú sí i mọ́.

Ohun tí mo fi sílẹ̀ nìyí: “ibùdó síkì” fún gbogbo àyíká náà pẹ̀lú ilé àti ẹ̀rọ rẹ̀; “gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síkì” fún ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀; “okùn afànigòkè” fún irú ti 1939; “àga agbénigòkè” fún èyí tí èèyàn ń jókòó sí. Fífà yàtọ̀ sí gbígbé. Ẹni tó bá sọ pé kò kàn wá, kó rántí pé ibùdó síkì wà nílẹ̀ Áfíríkà: Oukaïmeden ní Mòrókò, Afriski ní Lẹ̀sótò.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ní gíga Chacaltaya, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí kò ju nǹkan bí ìdajì ti etí òkun lọ. Orí á máa fọ́ àlejò, èébì á máa gbé e, èémí rẹ̀ á máa já. Soroche ni wọ́n ń pè é, ewé koka tí wọ́n sè bíi tíì ni wọ́n sì ń mu sí i. “Àìsàn òkè” rọrùn láti sọ, àmọ́ àìsàn tó ń ṣe apá òkè ara ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà inú wa, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń sọ fún aláìsàn?