Balance tàbí GetBalance(): èwo ni kí n lò nínú C#?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ètò ìṣirò owó ni mò ń fi C#, èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Nínú kíláàsì Member, property (ohun tá a ń kà bí iye lásán, láìfi àmì () sí i) ni mo fi Name àti PhoneNumber ṣe, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Owó tó kù fún ọmọ ẹgbẹ́ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Inú database la ti ń ṣírò rẹ̀, látorí gbogbo owó tó ti dá àti èyí tó yá. Ó ní kí n fi property ṣe é, kí n pè é ní Balance, pé ó rọrùn-ún kà. Ọkàn mi ò gbà á; method (iṣẹ́ tá a ń pè pẹ̀lú àmì ()), ìyẹn GetBalance(), ló wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Method ni, àbúrò. Ẹni tó bá rí member.Balance á rò pé ohun tó ti wà nílẹ̀ lòun ń mú, á sì pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìlà kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lọ bá database yẹn! GetBalanceAsync() máa kìlọ̀ fún un látorí orúkọ. C# ò tiẹ̀ gbà kí o kọ async (àmì iṣẹ́ tó lè dúró de ìdáhùn láìdá ètò yòókù dúró) sórí property.

Ìdáhùn: Mo fara mọ́ ọn. Ẹ rántí debugger náà, irinṣẹ́ tá a fi ń wá àṣìṣe inú kóòdù: Visual Studio lè pe property fúnra rẹ̀ kó lè fi iye inú rẹ̀ hàn yín. Tí property bá ń yí nǹkan padà, wíwò tí ẹ wò ó ti yí i padà nìyẹn.

Ìdáhùn: Àmọ́ ẹ má sọ pé gbogbo ohun tó bá ti ní ìṣirò nínú gbọ́dọ̀ di method o. FullName tó kàn so orúkọ méjì pọ̀, property ló yẹ ẹ́. Ohun tí ìdáhùn rẹ̀ ń yí padà nígbàkigbà tá a bá pè é ni Microsoft ní ká fi method ṣe, bíi Guid.NewGuid() tó ń mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun wá. DateTime.Now tiwọn gan-an, tó ń sọ aago tó lù, ò tẹ̀ lé e, ẹ má fìyẹn ṣe àwòkọ́ṣe.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Payments ńkọ́? Array ni, ìyẹn àkójọ àwọn owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ti san, ẹ̀dà rẹ̀ ni mo ń dá padà kí ẹnikẹ́ni má bàa bà á jẹ́.

Ìdáhùn: Há, ìyẹn léwu ju Balance lọ! Wo èyí:

for (int i = 0; i < member.Payments.Length; i++)

Tí o bá tún kọ member.Payments[i] sínú rẹ̀, ẹ̀dà tuntun méjì lo ń ṣe ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí iye ìgbà tó sanwó bá jẹ́ 1,000, ẹ̀dà rẹ ti lé ní 2,000. Sọ ọ́ di GetPayments(), tàbí kó o jẹ́ kí property náà dá IReadOnlyList (àkójọ tí a lè kà ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀nà tá a lè fi yí i padà) padà láìṣe ẹ̀dà kankan.